Ẹ Béèrè, Ẹ Ó Gbọ́: Ìwé Ẹgbẹ́ Dókítà Massachusetts, Ta Ló Wà Nínú Ẹ̀, Ta Ni Wọn Ò Kọ Síbẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tí a ti mẹ́nu ba ẹgbẹ́ àwọn dókítà Massachusetts lójú ewé yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn tiwa tó wà lọ́hùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òbí tí ọmọ wọn ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Mo mú mẹ́rin nínú wọn torí pé ọ̀rọ̀ wọn jọra. Màá pẹ́ lórí ìkejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Boston, ó ní òun ti ń múra láti wọ ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan tó ti wà láti 1781. Mo ní irọ́ ni, ẹgbẹ́ wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Tó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, kí ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn tí kò sí abẹ́rẹ́ tí kò sí ẹ̀rọ X-ray? (Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọmọ yín ò purọ́ o. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1781 ni wọ́n fi òfin dá Massachusetts Medical Society sílẹ̀, ẹ sì wo ìgbà tó bọ́ sí, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì túúbá ní Yorktown, ìwé àlàáfíà ogun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fúnra ẹ̀ di 1783 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àwọn dókítà sì ti jókòó pé àwọn ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. John Hancock tó jẹ́ gómìnà àti Samuel Adams tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin àgbà ló fọwọ́ sí ìwé òfin náà, orúkọ dókítà 31 ló wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe òun ló dàgbà jù láàárín ẹgbẹ́ dókítà àwọn ìpínlẹ̀ o, New Jersey ti dá tiwọn sílẹ̀ ní 1766, àmọ́ àwọn ti Massachusetts máa ń yangàn pé tàwọn ò fìgbà kan dáwọ́ dúró rárá.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ààrẹ ni Edward Augustus Holyoke, dókítà ìlú Salem. Bàbá yẹn lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láyé, 1728 ni wọ́n bí i, 1829 ló kú, kì í sì í fi ìwé kíkọ ṣeré rárá, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló fi ń kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, bó ṣe tutù, bó ṣe gbóná, gbogbo ẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá yìí fún ìyẹn gan-an, ẹgbẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ìwé ẹ̀ ò ní í ṣòro láti rí.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Ẹ jẹ́ á rántí pé nígbà yẹn ẹnikẹ́ni tó bá wù ló lè gbé àpò egbòogi kọ́ èjìká kó ní dókítà lòun, kò sí ẹni tó máa bi í pé níbo lo ti kọ́ṣẹ́. Òfin tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ó yẹ kí aráàlú lè mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń fi àìmọ̀kan àti ìwà ibi fún èèyàn lóògùn, wọ́n wá fún ẹgbẹ́ lágbára láti dán àwọn èèyàn wò, kí wọ́n sì fún ẹni tó bá yege ní ìwé ẹ̀rí. Mẹ́ńbà wọn ò sì gbọ́dọ̀ ju 70 lọ níbẹ̀rẹ̀. Ní 1782, ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an, Harvard bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tiẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀, àbí ta ló máa sọ pé ẹni yìí dókítà ni, ṣé ẹgbẹ́ ni àbí yunifásítì? Ó pẹ́ kí wọ́n tó yanjú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 1790 wọ́n tẹ ìwé kékeré kan tí àwọn mẹ́ńbà kọ ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn wọn sí. Ní 1808 wọ́n tẹ ìwé oògùn, James Jackson àti John Collins Warren ló ṣe é, kí gbogbo dókítà ìpínlẹ̀ lè máa pe oògùn kan náà ní orúkọ kan náà kí wọ́n sì máa pò ó bákan náà, ẹ ò mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó, torí ohun tí dókítà yìí kọ fún aláìsàn lè di nǹkan míì lọ́wọ́ ẹni tó máa pò ó. Àwọn méjèèjì yìí náà ló wà nídìí ìwé ìròyìn ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Boston ní 1812, tó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní 1828 pẹ̀lú orúkọ míì, Boston Medical and Surgical Journal. Inú ẹ̀ ni Henry Bigelow, dókítà oníṣẹ́ abẹ, ti ròyìn ní oṣù kọkànlá 1846 pé wọ́n ti fi oògùn kan tó ń jẹ́ ether kùn èèyàn lóorun ní Massachusetts General Hospital, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì jẹ̀rora bíi ti tẹ́lẹ̀, ìròyìn yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri ayé. Ẹgbẹ́ ra ìwé ìròyìn yẹn ní 1921 ní dọ́là kan péré, dọ́là kan o, ní 1928 wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí New England Journal of Medicine. Ẹ bi ọmọ yín, á sọ fún yín pé òun ń kà á.

Ìbéèrè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Washington. Bàbá àgbà kan tí mò ń tọ́jú, aláwọ̀ dúdú ni, dókítà ni bàbá tó bí i lọ́mọ. Ó sọ fún mi pé ẹgbẹ́ dókítà ìlú yìí ò gba bàbá òun wọlé ní gbogbo ìgbà tó fi ṣiṣẹ́, torí àwọ̀ ara ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Ṣé Massachusetts tí ẹ kọ nípa ẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àìwọ ẹgbẹ́ lè ṣe fún dókítà tó ti ní láísẹ́ǹsì lọ́wọ́? (Nọ́ọ̀sì Alẹ́)

Ìdáhùn: Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi kí bàbá yẹn, kí ẹ sì sọ fún un pé òótọ́ pọ́nńbélé ló sọ, ó wà lákọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ọ̀rọ̀ yín bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ohun tí àìwọ ẹgbẹ́ ń fojú dókítà rí. Láyé ọjọ́un, òfin ẹgbẹ́ ni pé mẹ́ńbà ò gbọdọ̀ bá ẹni tí kì í ṣe mẹ́ńbà jọ yẹ aláìsàn wò. Ká ní aláìsàn yín ń kú lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ju agbára yín lọ, ẹ fẹ́ pe dókítà míì tó mọ̀ jù yín lọ kó wá wò ó, kò ní wá, torí tó bá wá, wọ́n á fìyà jẹ ẹ́ nínú ẹgbẹ́. Aláìsàn ń wò, ó ń rí i pé kò sí ẹni tó máa dá dókítà òun lóhùn, lọ́la á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Wọn ò ní pè yín sípàdé tí wọ́n ti ń ka ìwé lórí àìsàn tuntun. Nígbà tó wá di ọ̀rúndún ogún ó tún burú sí i, ọ̀pọ̀ ọsibítù sọ pé ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ àdúgbò ò lè gbé aláìsàn ẹ̀ wá síbẹ̀, ẹni tí kò bá sì sí nínú ẹgbẹ́ àdúgbò ò lè wọ AMA, ìyẹn ẹgbẹ́ dókítà gbogbo Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1847. Ẹ rí i pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n tì, àmọ́ gbogbo yàrá ilé ló wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ó ku Massachusetts. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1854, Massachusetts Medical Society gba John Van Surly DeGrasse wọlé, aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ New York, Bowdoin College ní Maine ló ti gboyè dókítà ní 1849. Ẹ ro ọdún yẹn wò, ó ṣì ku ọdún méje kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, ẹrú tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ ló wà ní gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ orúkọ ọkùnrin dúdú sínú ìwé ẹgbẹ́ dókítà ní Boston. Òun ni wọ́n máa ń pè ní dókítà dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ dókítà ní orílẹ̀-èdè yẹn. Nígbà tí ogun dé, ó lọ bá àwọn ọmọ ogun dúdú ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà wọn.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé áńgẹ́lì ni wọ́n ní Boston. Ní 1850, ọdún mẹ́rin ṣáájú DeGrasse, Harvard gba ọmọkùnrin dúdú mẹ́ta sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, Martin Delany, Daniel Laing àti Isaac Snowden, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun kan kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n sì sọ fún àwọn mẹ́ta yìí pé kí wọ́n má padà wá tí sáà yẹn bá parí. Oliver Wendell Holmes tó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà yẹn, èèyàn ńlá ni nínú ìtàn ìṣègùn, òun ló kọ ọ́ ní 1843 pé ọwọ́ àwọn dókítà fúnra wọn ló ń gbé ibà tó ń pa àwọn abiyamọ kiri, ó ṣe rere níbẹ̀ gan-an, níbi tàwọn ọmọ mẹ́ta yìí kò ṣe rere. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ó wá kan Washington tiyín. Ẹgbẹ́ dókítà ìlú yẹn, Medical Society of the District of Columbia, 1817 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ilé aṣòfin gbogbo Amẹ́ríkà ló sì fún un ní ìwé àṣẹ ní 1819, òun ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì láti ṣiṣẹ́ dókítà nílùú. Ní 1869, wọ́n mú orúkọ dókítà dúdú mẹ́ta wá fún wọn, Alexander Augusta, Charles Purvis àti Alpheus Tucker.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Augusta jẹ́. Norfolk ní Virginia ni wọ́n bí i sí ní 1825, kì í ṣe ẹrú, ó wá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà títí, wọn ò gbà á, ló bá kọjá sí Kánádà, Toronto ló ti gboyè ní 1856. Nígbà ogun abẹ́lé ó kọ̀wé sí ààrẹ Lincoln pé òun fẹ́ tọ́jú àwọn ọmọ ogun dúdú, wọ́n dán an wò, ó yege, wọ́n fi jẹ mejọ, ó sì ṣe olórí ọsibítù àwọn dúdú tó sá kúrò lóko ẹrú wá sí Washington. Ní 1864 tó ń lọ sílé ẹjọ́ láti lọ jẹ́rìí, pẹ̀lú aṣọ ọ̀gá ológun lọ́rùn ẹ̀, wọ́n lé e kúrò nínú ọkọ̀ èrò torí pé ó dúdú, òjò ń rọ̀, ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, Sẹ́nétọ̀ Charles Sumner láti Massachusetts sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé aṣòfin àgbà. Ọkùnrin yìí ló ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì Howard ní Washington nígbà tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ fún wọn ní láísẹ́ǹsì o! Wọ́n dán wọn wò, wọ́n rí i pé wọ́n mọṣẹ́, wọ́n fún wọn ní ìwé. Tó wá di ká dìbò kí wọ́n di mẹ́ńbà, wọ́n dìbò tako àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí ẹ̀ tí ìtàn yìí fi máa ń dùn mí ju àwọn yòókù lọ nìyẹn, wọn ò lè sọ pé àwọn èèyàn yìí ò kúnjú ìwọ̀n, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́ pé wọ́n kúnjú ìwọ̀n.

Sumner tún dìde, ó ní kí ilé aṣòfin gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ yẹn padà. Ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọ ìròyìn ẹ̀ jáde ní 1870, àmọ́ wọn ò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, àwọn dókítà dúdú pẹ̀lú àwọn funfun tọ́rọ̀ náà bí nínú dá ẹgbẹ́ míì sílẹ̀, National Medical Society, tí kò wo àwọ̀. Lóṣù karùn-ún, AMA wá ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn ní Washington níbẹ̀ gan-an, ẹgbẹ́ tuntun yìí rán aṣojú lọ, AMA ò gbà wọ́n, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tó lé dúdú ni wọ́n gbà sórí ìjókòó. Dókítà kan láti Massachusetts dìde, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní sí ìyàtọ̀ àwọ̀ tàbí ẹ̀yà, wọ́n ti ọ̀rọ̀ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà AMA sọ ọ́ di pé ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti àdúgbò ló máa sọ ẹni tó lè wọlé, ibi tí ìpínlẹ̀ gúúsù ti rí àyè tilẹ̀kùn mọ́ àwọn dókítà dúdú nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí làwọn dókítà dúdú ṣe? Wọn ò káwọ́ gbera. Ní 1884 àwọn ti Washington dá Medico-Chirurgical Society sílẹ̀, àwọn funfun kan náà wà níbẹ̀. Ní 1895 àwọn dókítà dúdú láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ pàdé ní Atlanta, wọ́n dá National Medical Association sílẹ̀, láti 1909 ni wọ́n sì ti ń tẹ ìwé ìròyìn ìṣègùn tiwọn. Purvis tí wọ́n dìbò tako yẹn, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún ààrẹ Garfield ní 1881, ó wà lára àwọn dókítà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láti tọ́jú ẹ̀, ọdún yẹn náà ló di olórí Freedmen's, ọsibítù àwọn dúdú ní Washington. Ní ọjọ́ ogbó ẹ̀ ó kó lọ sí Boston, ẹ gbọ́ o, Massachusetts Medical Society gbà á wọlé.

Ẹgbẹ́ Washington tiyín ò gba dúdú títí di 1952. Ẹ ṣírò ẹ̀ láti 1869, ọdún 83. Tí bàbá tí ẹ ń tọ́jú bá ti dàgbà tó bí ẹ ṣe sọ, ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ bọ́ sí i dáadáa. Ọdún 1968 ni AMA ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin pé àwọn lè lé ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, oṣù keje 2008 ni wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́wọ́ àwọn dókítà dúdú, lẹ́yìn tí wọ́n ti pe àwọn olùwádìí kí wọ́n tú ìwé àtijọ́ wò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyẹn, àǹtí. Àwọn olùwádìí wọ̀nyẹn ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, ìwé ìpàdé ni wọ́n ṣí, ẹni tó dábàá, ìgbà tí wọ́n dìbò, ohun tí wọ́n sọ. Ká ní akọ̀wé 1870 kò kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí pé ẹnì kan lẹ́yìn ẹ̀ dáná sun ún torí ìtìjú, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn á ti di àhesọ tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé irọ́ ni.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn obìnrin ńkọ́? (Dókítà Lọ́la)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, àwọn obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ́. 1884 ni Massachusetts Medical Society ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin àkọ́kọ́, Emma Call, ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Washington di 1888. Harvard ò gba obìnrin sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn títí di 1945.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń ṣèwádìí pé kí wọ́n má fi ìwé ẹgbẹ́ nìkan ṣe. Rebecca Lee Crumpler, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè dókítà ní Amẹ́ríkà, Boston ló ti gbà á ní 1864, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn obìnrin. Ó lọ tọ́jú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní Richmond, ó padà sí Boston, ó tọ́jú àwọn ọmọdé àti ìyá wọn láìbìkítà bóyá wọ́n lówó tàbí wọn ò ní. Tí ẹ bá ń wá a nínú ìwé mẹ́ńbà ẹgbẹ́ fún ọdún wọ̀nyẹn, ẹ ò lè rí i, obìnrin ò lè wọ̀ ọ́. Ìwé tí obìnrin yìí fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, tó tẹ̀ jáde ní 1883 lórí ìtọ́jú obìnrin àti ọmọdé, ló pa ìtàn ẹ̀ mọ́, ó sọ ìgbésí ayé ẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. 1895 ló kú, sàréè ẹ̀ ò ní òkúta tó ní orúkọ lára títí di 2020.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀. Bàbá ìyàwó mi ṣaláìsí, dókítà ni, ọmọ Massachusetts, ó ti fìgbà kan ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ dókítà àdúgbò wọn. A ń palẹ̀ ilé mọ́, a rí páálí mẹ́ta, ìwé ìpàdé, lẹ́tà, àwòrán, ìwé owó ẹgbẹ́. Ìyàwó mi tún ní bàbá bàbá òun náà dókítà ni, òun fẹ́ mọ ìtàn ẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní ká kó páálí yẹn dànù. Kí la máa ṣe? (Ọkọ Ọmọ)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kó nǹkankan dànù o, mo bẹ̀ yín! Ẹ sọ fún àwọn mọ̀lẹ́bí pé kí wọ́n ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti bàbá àgbà. Dókítà tó bá ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà máa ń fi ojú ẹsẹ̀ tó pọ̀ sílẹ̀. Láti 1883 tí ìwé ìròyìn AMA ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìkéde ikú àwọn dókítà síbẹ̀. Láti 1906, AMA ń tẹ ìwé ńlá kan tó ní orúkọ dókítà káàkiri orílẹ̀-èdè, ibi tó ń gbé, ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, ọdún tó gboyè. Tó bá jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni bàbá àgbà, ẹ máa rí i pé wọ́n fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ̀, “col.”, ìyẹn “colored”, aláwọ̀ dúdú, fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí àmì yẹn, síbẹ̀ àmì yẹn náà làwọn olùwádìí òde òní ń tẹ̀ lé láti mọ ibi tí àwọn dókítà dúdú wà àti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo ìwé tí Massachusetts Medical Society ń tẹ̀ fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ti àtijọ́ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ní Internet Archive àti HathiTrust, ẹ kàn tẹ orúkọ ẹgbẹ́ àti ọdún. Ìwé ìròyìn Boston yẹn náà, wọ́n ti gbé gbogbo ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1812. Àwọn ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, ìwé ìpàdé, lẹ́tà, Countway Library ti Harvard ní Boston ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, ilé ìwé yẹn ló ń tọ́jú púpọ̀ nínú ohun àtijọ́ nípa ìṣègùn ní agbègbè yẹn. National Library of Medicine ní Bethesda náà ńkọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀.

Kí ẹ tó kọ íméèlì sí wọn, ẹ wá ohun mẹ́ta sílẹ̀: orúkọ ẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́, ìlú tó ti ṣiṣẹ́, àti ọdún tó súnmọ́ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń ṣe sùúrù gan-an, àmọ́ tí ẹ bá kàn ní “bàbá àgbà mi dókítà ni, ẹ bá mi wá a”, ọwọ́ wọn ò ní í tètè bà á.

Tó bá wá di ti páálí, ẹ má tò ó o. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn kó tú u sílẹ̀, kó kó lẹ́tà sọ́tọ̀, àwòrán sọ́tọ̀, ẹ má ṣe é. Bí akọ̀wé ṣe tò ó fúnra ẹ̀ sọ nǹkan, lẹ́tà tó wà láàárín ewé ìpàdé kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpàdé yẹn gan-an ni wọ́n ti kà á, tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, gọ́ọ̀mù ẹ̀ máa ń jẹ ìwé. Ẹ má fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù dì í, ẹ má kó o sí yàrá abẹ́ ilé tí omi lè wọ̀, ẹ má sì gbé e sókè àjà tó máa ń gbóná. Yàrá tí ẹ̀yin fúnra yín lè sùn sí láìlàágùn, ibẹ̀ ni kó wà. Ẹ fi fóònù ya ìta páálí àti ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀, ó tó.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Tí orúkọ aláìsàn bá wà nínú ìwé yẹn pẹ̀lú àìsàn tó ṣe é, ẹ má gbé e sórí Facebook, ẹ má fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí. Òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní HIPAA, ààbò ẹ̀ ò parí lọ́jọ́ tí èèyàn kú, ó ń bá a lọ fún 50 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà, ọsibítù àti ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ni òfin yẹn ń bá wí jù, àmọ́ ọmọ ẹni tó wà nínú ìwé yẹn lè ṣì wà láàyè ní àdúgbò kan náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ilé àkójọ ìwé bá yín wo ìyẹn, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tì í pa fún iye ọdún tó yẹ.

Ẹ wádìí náà bóyá ti bàbá ni ìwé yẹn tàbí ti ẹgbẹ́. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i fúnra ẹ̀ àti àwòrán ilé, tiyín nìyẹn. Ìwé ìpàdé àti ìwé owó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kò ráyè dá a padà ni. Tí ẹgbẹ́ àdúgbò yẹn bá ṣì wà, ẹ pè wọ́n, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí ó lọ sí ilé àkójọ ìwé tí aráàlú ti lè rí i kà, ẹ má kàn gbé e fún akọ̀wé tuntun kó tún lọ jókòó sílé tiẹ̀ fún ogójì ọdún. Ilé àkójọ ìwé máa fún yín ní ìwé kan tí ẹ máa fọwọ́ sí pé ẹ fi ta wọ́n lọ́rẹ, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n bá ti ya á sórí kọ̀ǹpútà, kí ìyàwó yín lè ní tiẹ̀ lọ́wọ́. Tí ọ̀kan bá ní àwọn ò ní àyè, ẹ kọ sí òmíràn, ẹ̀ka ìwé àtijọ́ ní láíbìrì ìlú tàbí ẹgbẹ́ ìtàn ìlú yẹn náà máa ń gbà á. Tí wọ́n bá ti dá yín lóhùn, ẹ kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ mọ ọdún tí ìwé ìpàdé tó pẹ́ jù nínú páálí yẹn ti bẹ̀rẹ̀ àti orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé nínú ẹ̀.